Márùn-ún Tí Mo Fún Ara Mi

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ lé mi kúrò níléèwé nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìdánwò. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀kọ́ tí màmá mi fi pàṣán kọ́ mi ní Ìwó, tí mo gbé wọ ọkọ̀ òfúrufú láìsan kọ́bọ̀ lé e, òun ló fẹ́ ba tèmi jẹ́ ní Chicago níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ní sáà kejì wa, olùkọ́ wa, Ms. Harmon, pín ìwé ìbéèrè kan fún gbogbo kíláàsì. Ó ní iléèwé fẹ́ mọ bí ọkàn oníkálukú ṣe wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó. Engagement ni wọ́n ń pè é. Gbólóhùn ogún ló wà nínú ìwé náà, àwa fúnra wa la ó sì fún ara wa ní máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ọ̀kan dé márùn-ún. Ọ̀kan ní: mo máa ń ka ìwé mi kí n tó wá sí kíláàsì. Ohun tí mò ń kọ́ yé mi dáadáa. Mo máa ń sa gbogbo ipá mi. Irú nǹkan báyẹn.

Èmi tí mo máa ń fọwọ́ da odidi orí ìwé kọ sínú nóòtù kí olùkọ́ tó dé orí rẹ̀, mo fún ara mi ní méjì. Ṣé ó yé mi dáadáa? Mo kọ mẹ́ta, mo pa á rẹ́, mo kọ méjì. Ti sísa ipá wá ńkọ́? Ta ni mí tí n ó fẹnu ara mi sọ pé mo ti sa gbogbo ipá mi? Ọlọ́run ló mọ ìyẹn. Méjì. Báyẹn ni mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé náà, tí inú mi sì ń dùn pé ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí.

Ẹyọ kan péré ni mo fún ní márùn-ún, èyí tó kẹ́yìn pátápátá: ẹnì kan wà níléèwé yìí tí mo lè pè bí nǹkan bá ṣe mí. Bírò mi ò tiẹ̀ dúró rò ó. Márùn-ún. Irọ́ gbuu sì ni.

Tíṣà ni mí kí n tó dé ibí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní báyọ́lọ́jì. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo fi ọmọ mi kan ṣoṣo, Àmínà, sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo sọ fún un pé ọdún tí mo bá di nọ́ọ̀sì ni yóò wá bá mi. Ọmọdé ò mọ bí ọdún ṣe gùn tó, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi kà á fún un: mẹ́ta. Nígbà tí ọdún kan pé, ó ká ìka kan mọ́lẹ̀ lórí fídíò, ó na méjì tó kù sí mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi pa fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún.

Òpin ọ̀sẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́, ní ilé àwọn arúgbó kan ní Olympia Fields, ìlú kan lẹ́bàá Chicago. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bá ìyá kan wọṣọ, ìyá tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ìyá figbe ta, ó tẹ aago ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kí n tó dìde, àwọn nọ́ọ̀sì méjì ti sáré dé, wọ́n gbá mi lápá mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń bi mí bóyá òòyì ń kọ́ mi, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Mo ní rárá o, ìkíni ni. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní òfin ibẹ̀ ni pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ṣubú. Kí ni kí n ṣe? Mo kọ ọ́. Ó wà nínú fáìlì wọn títí dòní pé mo ṣubú níwájú ìyá yẹn.

Mo máa ń fi ìyẹn pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe ń tì bọ́tìnnì aṣọ ìyá náà, ojú ń tì mí gan-an. Ohun tó dára jù tí mo ní ni mo kó fún un, wọ́n sì pè é ní àìsàn.

Richton Park nítòsí ibẹ̀ ni mò ń gbé, ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé Ẹ̀gbọ́n Múlíkà, ọmọ Ìwó bíi tèmi, tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí láti ogún ọdún sẹ́yìn. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé e mì. Ilé kan náà là ń gbé, a kì í rí ara wa. Bí mo bá jí tí mo rí ife tíì rẹ̀ nínú básíà, mo mọ̀ pé ó ti jáde. Bí mo bá gbọ́ tí omi ń ṣàn lókè, mo mọ̀ pé ó ti dé. Nílé wa, bí mo bá sín lẹ́ẹ̀kan, ojúlé mẹ́ta ni wọ́n ti máa kí mi ní pẹ̀lẹ́. Níbí, mo lè sín títí imú mi á fi bó, èmi náà ni n ó kí ara mi.

Níléèwé ńkọ́? Ẹni tó máa ń jókòó tì mí, Denise lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ibí ni, ó á máa lọ sí bí ọgbọ̀n ọdún. Òun kọ́ ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò omi rẹ̀ ni. Ó á ní "hey," èmi náà á ní "hey," ó á ki nǹkan orin rẹ̀ bọ etí, ó parí nìyẹn. Orúkọ tèmi, kò sẹ́ni tó ń pè é. Bí olùkọ́ bá ń pe orúkọ, tó bá kàn mí, á wo ìwé, á wo ojú mi, á mi orí, á sì kọjá sí ẹlòmíì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni màmá mi máa ń pè mí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun tán. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ò kan màmá mi, ìwé ò kàn án. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: ta ni mo ní níbẹ̀? Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bi mí, mi ò lè sọ fún obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún pé mi ò ní ẹnì kankan. Mo ní mo ní ọ̀rẹ́ kan. Ó ní ta ni? Orúkọ ara ìgò omi yẹn ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Bí Denise ṣe di ọ̀rẹ́ mi ní Ìwó nìyẹn o. Irọ́ kì í dúró sójú kan. Bí màmá mi bá bi mí ṣé ó bímọ, mo ní méjì. Ẹnu mi yìí ló bí ọmọ méjì fún Denise, tí ò sì rọbí. Mo ní ìyá rẹ̀ ń gbé ní Park Forest, mo ní ó fẹ́ràn ìrẹsì tí mò ń sè, mo ní a jọ máa ń kàwé. Màmá mi á ní, "Bá mi kí i. Sọ fún un pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ráhùn ẹni." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo máa wà ní kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n ní kí n kí, n ó sì ní "hey."

Ní oṣù January, ibà gbé mi dè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ̀gbọ́n Múlíkà ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Houston, yìnyín sì ti dí ẹnu fèrèsé yàrá mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí alẹ́. Gàrí ni mò ń rẹ, kì í lọ lọ́fun. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé fóònù, mo ń wá ẹni tí mo máa pè, mo ń yí orúkọ sókè sódò. Ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ mi nínú gbogbo wọn, kò sí. Mo gbé e kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, kí n má purọ́. Mo rò ó pé bí mo bá kú síbí, ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí wọ́n tó mọ̀?

Nígbà tí màmá mi pè lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́ ohùn mi, ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní ọ̀fìnkìn lásán ni, pé Denise ti se ọbẹ̀ gbígbóná wá fún mi. Inú màmá mi dùn débi pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń ṣe àdúà fún Denise lórí ọbẹ̀ tí kò sè. Mo padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Monday. Denise ní "hey."

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí a kọ ìwé ìbéèrè yẹn ni lẹ́tà dé sórí fóònù mi. Wọ́n ní àròpọ̀ máàkì mi ò dé ìlà. Ẹni tí ò bá sì dé ìlà, wọn ò ní fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tó máa lọ ṣe clinical ní sáà tó ń bọ̀, ìyẹn iṣẹ́ gidi ní ọsibítù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Wọ́n ní ó hàn pé ọkàn mi ò sí nínú ẹ̀kọ́, kí n sinmi sáà kan, kí n tún ara mi tò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣe clinical yẹn. Bí orúkọ mi ò bá sí níbẹ̀, ọdún kan gbáko ló bọ́ sọnù. N ó wá sọ fún Àmínà pé kó na ìka tó ti ká mọ́lẹ̀ padà.

Mo dúró de Ẹ̀gbọ́n Múlíkà ní kíṣìnì títí ó fi dé láti ibi iṣẹ́. Ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ṣàlàyé. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó wá bi mí pé kí gan-an ni mo kọ. Mo sọ fún un. Ó jókòó.

"Two?" ó ní. "Àbúrò mi, o fún ara ẹ ní two? Níbí, score tí o bá fún ara ẹ, òun náà ni wọ́n máa gbà. Kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó o gbé e sókè."

Ó ní ohun tó ṣe òun náà nìyẹn nígbà tí òun kọ́kọ́ dé. Wọ́n bi òun níbi iṣẹ́ kan bóyá òun mọ iṣẹ́, òun ní òun ń gbìyànjú, wọ́n sì gba ẹlòmíì. Ó ní kí n lọ bá professor yẹn, kí n book appointment, kí n kó gbogbo nóòtù mi dání. Ó ti dé orí àtẹ̀gùn kó tó yíjú padà pé kí n má lọ kúnlẹ̀ o.

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Nílé, bí ẹnì kan bá ní aṣọ rẹ dára, o ó ní àkísà lásán ni. Òun náà á ní irọ́ ni, aṣọ gidi ni. Bí ọmọ bá gba ipò kìíní, ìyá rẹ̀ á ní ẹ bá wa ṣàdúà ni, ọmọ náà ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé á dáhùn pé ó gbọ́n, ó gbọ́n dáadáa. Ìwọ á rẹ ara rẹ sílẹ̀, ẹlòmíì á gbé ọ dìde. Èèyàn méjì ló ń ṣe ìrẹ̀lẹ̀, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Mo ti ṣe ìdajì tèmi lórí ìwé yẹn, mo wá jókòó, mò ń retí ẹni tó máa sọ pé irọ́ ni. Mi ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ó dùn mí ju lẹ́tà yẹn lọ.

Ọjọ́rú ni mo lọ bá Ms. Harmon, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Denise wà lórí àga gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, òun ló kàn lẹ́yìn mi. Àṣé òun náà ò dé ìlà. Ó ní "hey." Mo ní "hey," mo wọlé.

Aláwọ̀ dúdú ọmọ ibí ni Ms. Harmon, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ìgbà pípẹ́ kó tó di olùkọ́. Kì í yára rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ìwé ìbéèrè mi sórí tábìlì, ó bi mí pé ṣé èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kí wá ló dé tí máàkì ìdánwò mi fi wà lókè tí èyí sì wà nílẹ̀? Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, a kì í fẹnu ara wa yin ara wa, pé ẹni tó bá ṣe é, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́. Mo kó nóòtù mi jáde, mẹ́jọ, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lórí ojú ewé tí mo ya àwòrán ọkàn sí, tí mo fi bírò pupa àti búlúù ya ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Ó ní kí a tún un ṣe látòkè. Ṣé mo máa ń kàwé kí n tó wá? Ó pa méjì rẹ́, ó kọ márùn-ún. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́rin. Ó wò mí láti orí awò ojú rẹ̀, ó ní márùn-ún ni. Èkejì náà, mo ní mẹ́ta, ó ní márùn-ún. Nígbà tí a dé ìkẹjọ, mi ò jiyàn mọ́. Ara mi ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn kí ẹlòmíì sọ fún èèyàn pé irọ́ ni, pé o gbọ́n. Mo ti gbàgbé.

A wá dé ogún. Ó ní, "Èyí dára. Márùn-ún." Ó gbé bírò. "Ta ni ẹni náà?"

Mo ní kí ló fẹ́ fi orúkọ ṣe. Ó ní iye ọmọ tó ń fi iléèwé yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà pọ̀, pé kì í ṣe àwọn tí ìwé ò yé ni wọ́n, àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bí wọn ò bá wá ni. Nítorí náà, òun máa ń kọ orúkọ ẹni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń pè é, ó ti dán lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹni tó ni ín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ló sì ń bọ̀ wọlé lẹ́yìn mi. Bí Ms. Harmon bá bi í léèrè, kí ló máa sọ? Bí mo bá sì ní kò sí, máàkì mẹ́rin máa bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ bóyá èyí tó kù á dé ìlà. Mo rí ìka Àmínà méjèèjì, bó ṣe nà wọ́n sí mi lójú.  Kì í ṣe ẹ̀rù Denise nìkan ló jẹ́ kí n sọ òótọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Irọ́ yẹn ló ti sú mi.

"Kò sí," mo ní. "Kò sẹ́nì kankan."

Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ ti ibà January fún un, bí mo ṣe ń yí orúkọ sókè sódò lórí fóònù. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò sọ pé kí n má sunkún. Ó fa ìlà sórí márùn-ún, ó kọ oókan síbẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tún un rò. Mo tẹ orí mi ba.

Ó ní ó dé ìlà. Ó ní ó fi máàkì púpọ̀ ju ìlà lọ, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ orúkọ mi á wà nínú èyí tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ní oókan yẹn nìkan ni òun ò fẹ́ràn, pé lóṣooṣù ni òun fúnra òun á máa bi mí léèrè nípa rẹ̀. Mo dìde, orúnkún mi fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀, mo rántí Ẹ̀gbọ́n Múlíkà, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Mo jáde síta, ayọ̀ kún inú mi dé ọ̀fun. Mo yọ fóònù. Aago márùn-ún ti lù níbí, ìyẹn mọ́kànlá alẹ́ ní Ìwó. Màmá mi àti Àmínà ti sùn tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n Múlíkà wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọlé. Mo dúró sí kọ̀rídọ̀, ìròyìn ayọ̀ wà lẹ́nu mi, mi ò rí etí tí mo máa sọ ọ́ sí.

Denise wà lórí àga.  Mo lọ dúró níwájú rẹ̀.

"Wọ́n gbà mí," mo ní. "Orúkọ mi máa wà níbẹ̀."

Ó yọ nǹkan orin kúrò létí. Ó ní ṣé lóòótọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dénú. Ó wá ní ẹ̀rù ń ba òun, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti lọ sí ilé ìtọ̀ látìgbà tí mo ti wọlé. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, àmọ́ ìgbà ti lọ jù, ojú ń ti òun.

"Jọ̀ọ́, má bínú," ó ní. "Kí lorúkọ ẹ?"

Ẹni tí màmá mi ti ń gbàdúrà fún láti oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn. Mo sọ orúkọ mi fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo jókòó tì í títí wọ́n fi pè é wọlé.